Ẹ̀BÙN ỌDÚN: IṢẸ́ ỌWỌ́ ẸNI KÍ KÉRÉSÌMESÌ TÓ DÉ

ÌFÁÀRÀ

Níhìn-ín ní Òkè Ọya tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ọyẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ni pé ọdún ti dé tán. Ètè á máa bó, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rin inú eérú, eruku á sì bo ìwé lórí tábìlì. Nígbà náà ni ìbéèrè kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràìnràìn láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́: "Kí ni n óò mú lọ sílé?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó ọkọ̀ láti ibí dé Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò kéré, owó oúnjẹ ti tán lápò, àwọn àbúrò sì ń retí ẹni. Àwọn kan wà láàárín wa tí ojú ń tì láti délé lọ́wọ́ òfo. Wọn á ní àwọn kò lọ mọ́, àwọn á kúkú ṣe ọdún nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn á lọ yá owó tí wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe san án, kí wọ́n ṣáà lè ra ẹ̀bùn tí aládùúgbò yóò rí.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé èdè wa àti àṣà wa kò bèèrè irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ipele mẹ́rin: ìtumọ̀ ọdún, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹ̀bùn, iṣẹ́ tí à ń ṣe nílé bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ ỌDÚN?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe oṣù méjìlá àti ọjọ́ àjọyọ̀. A lè sọ pé, "Mo lo ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́." A sì lè sọ pé, "Wọ́n ń ṣe ọdún ní ilé wọn lónìí." Àwọn ìtumọ̀ méjèèjì so mọ́ra. Bí ọdún egúngún tàbí ọdún Ìjẹṣu bá tún yí po, àwọn baba wa mọ̀ pé àwọn tún ti rí òmíràn láyé.

Ìdí nìyí tí ìkíni wa fi jẹ́ ìkíni ẹ̀mí: "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Bí a bá tú ìyèdún palẹ̀, ohun tí a ó rí ni ì + yè + ọdún, ìyẹn ni pé ẹni tí à ń kí yè títí ọdún fi bá a. Àwọn orúkọ wa náà jẹ́rìí sí i. Abíọ́dún ni ọmọ tí a bí sí àsìkò ọdún. Bọ́dúndé ni ọmọ tó bá ọdún dé.

Kérésìmesì ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Ọdún titun ni ọdún yẹn lójú àwọn ará ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ ọdún kì í ṣe titun. Kí Freeman tó gúnlẹ̀ ni a ti ń fi iṣu titun ránṣẹ́ sí àgbà àti sí àna. Àṣà tó ti wà nílẹ̀ ni Kérésìmesì wá bá, inú rẹ̀ ló sì wọ̀.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A FI Ń PE Ẹ̀BÙN

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èrò Yorùbá nípa ẹ̀bùn, kí ó wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní fún un. Mo mú mẹ́fà wá.

(a) Fún. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí gbòòrò. "Ìyá fún mi ní aṣọ" lè jẹ́ ẹ̀bùn, ó sì lè jẹ́ pé kí n bá wọn sá a ni. "Olùkọ́ fún wa ní ìdánwò" kò sì jọ ẹ̀bùn rárá!

(b) Bùn. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀bùn: ẹ̀ + bùn. Bí a bá ní, "Ìyá bùn mí ní ẹran", ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìyá ní ẹran, ó yọ nínú rẹ̀, ó fún mi, kò sì retí owó. Nínú ohun tí ẹni ní ni a ti í bùn ẹlòmíràn.

(d) Ta lọ́rẹ. "Bàbá àgbà ta á lọ́rẹ agbádá." Ọ̀rọ̀ yìí ní ọlá nínú ju méjì ìṣáájú lọ. Kí a kíyè sí bí a ṣe rí lọ́rẹ: ní + ọrẹ. Fáwẹ̀lì /i/ jẹ, /n/ wá di /l/, ohùn òkè sì bọ́ sórí ọ. Kí a má sì ṣi ọrẹ, tí í ṣe ẹ̀bùn, pè bí ọ̀rẹ́, tí í ṣe ẹni tí a jọ ń rìn.

(e) Ènì. Èyí ni ohun tí ìyá ọlọ́jà ń fi lé ọjà tí a ti rà. Bí ó bá wọn gàrí tán, tó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ènì ni. Owó kò ra ènì, ìfẹ́ kí a tún padà wá ni ó ń mú un wá.

(ẹ) Sàárà. Ọ̀rọ̀ yìí ti èdè Lárúbáwá wá, ó sì jẹ́ ohun tí a fi tọrẹ nítorí Ọlọ́run. Ẹni tó ṣe sàárà kì í yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

(f) Àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Èyí jọ ẹ̀bùn lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ náà tú ara rẹ̀ palẹ̀: à + bẹ̀ + tẹ́lẹ̀. A ti bẹ ẹni náà sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ tí yóò dé iwájú rẹ̀. Oṣù Kejìlá sì ni irú rẹ̀ pọ̀ jù, nígbà tí hámpà ńlá ń wọ ọ́fíìsì ẹni tí kò tíì buwọ́ lu ìwé. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ kò pọ̀: bí ẹni tí a fún kò bá sí lórí oyè mọ́, ṣé a ó tún fún un?

Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tó ní iye owó nínú. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ni ni ọwọ́ tí ohun náà ti wá, ọwọ́ tó ń lọ, àti ìdí rẹ̀.

BÍ ILÉ ṢE Ń RÍ KÍ ỌDÚN TÓ DÉ

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ ni ìpalẹ̀mọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni èrò kọ́kọ́ ń wọ́ lọ. Ìyá á ra ankara kan náà, wọn á gé e fún gbogbo ọmọ, tàgbà tèwe. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá fi dé ìdajì, ọ̀pọ̀ aránṣọ á ti so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn kò gba aṣọ mọ́. Àwọn tó bá sì ṣì ń gbà á, ẹ máa ṣọ́ wọn o! Ọmọ tí aránṣọ já kulẹ̀ lálẹ́ ọdún kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn aṣọ, irun ló kàn. Ọ̀pọ̀ ilé ni ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ti máa ń jókòó lórí àga, tí àwọn ọmọdé agbo ilé á tò síwájú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ṣùkú fún èyí, kólẹ́sẹ̀ fún tọ̀hún, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ fún èyí tí irun rẹ̀ kúrú. Ọwọ́ á máa ro ó, ìka á máa dùn ún, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Bí ẹnìkan bá bi í pé ẹ̀bùn wo ni ó fún àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́dún náà, ó lè sọ pé òun kò rí owó ra nǹkan kan. Àmọ́ ṣé ẹ̀bùn kọ́ ni orí mẹ́wàá tó dì?

Ní ilé ìdáná, a ti ń sin adìyẹ ọdún láti ìgbà òjò, àwọn ọmọ sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá ku ọjọ́ mélòó kan, ìyẹ̀fun á dé, wọn á po ó mọ́ bọ́tà, ṣúgà àti ẹyin. Wọn á tẹ́ ẹ, wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á dín in. Ṣinṣín nìyẹn. Bí gbogbo ilé ti ń gé e ni wọ́n ń tọ́ ọ wò, títí ìyá á fi pariwo pé kò ní ku nǹkan kan fún àlejò. Wọn á di èyí tó bá kù sínú ọ̀rá kéékèèké, nítorí kò sí àlejò tí yóò jáde láìmú tirẹ̀ dání.

Lọ́jọ́ ọdún gan-an ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ń jáde sí gbangba. Wọn á bu ìrẹsì àti ẹran sínú abọ́, wọn á fi aṣọ mímọ́ bò ó, ọmọ á gbé e lọ sílé kejì, sílé kẹta, títí dé ilé àwọn Mùsùlùmí àdúgbò. Ọmọ tó gbé abọ́ lọ kì í sábà padà lọ́wọ́ òfo. Bí Iléyá bá sì dé, ẹran àgbò á tọ ọ̀nà kan náà padà wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní Mùsùlùmí àti Kristẹni nínú, abọ́ yìí sì wà lára ohun tó so wá pọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ẹ wò ó dáadáa. Aṣọ rírán, irun dídì, ẹran sísìn, ṣinṣín dídín, abọ́ gbígbé: iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn. Ẹ̀bùn tí a dì sínú pépà aláwọ̀ mèremère, ẹ̀yìn ni ó dé.

OHUN TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ LÈ FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE

Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níhìn-ín ní ọ̀rọ̀ kan, tsaraba. Ohun tí arìnrìn-àjò mú bọ̀ fún àwọn ará ilé ni. Àwa náà mọ̀ ọ́n, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọdé ń bi ẹni tó ti ìrìnàjò dé ni pé, "Kí lẹ mú bọ̀?" Mo dá ohun mẹ́ta tí kò gba owó púpọ̀ lábàá.

1. Kúlíkúlí. Ẹ̀pà kò wọ́n ní Òkè Ọya bí ó ti wọ́n nílé. Ẹ yan ẹ̀pà, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú atalẹ̀, ata gígún àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ máa fi ọwọ́ pò ó, kí ẹ máa fún un títí òróró rẹ̀ yóò fi jáde. Ẹ má da òróró náà nù. Ẹ mọ èyí tó kù ní róbótó tàbí gbọọrọ, kí ẹ sì fi òróró kan náà dín in títí yóò fi gan. Nítorí pé omi kò sí lára rẹ̀ mọ́, kì í tètè bàjẹ́, ó lè bá yín dé Lọ́kọ́ja, kó sì bá yín délé láìsí ewu. Bí ẹ bá fi gàrí mu ún pẹ̀lú bàbá nílé, ẹ ó rí ojú wọn. Ẹni tó bá wà ní Jos lè fi pòtétò díẹ̀ kún un, ẹni tó wà ní Kano lè wá dàbínù.

2. Káàdì ọdún ní èdè Yorùbá. Ẹ ra pálí funfun kan. Bí ẹ bá ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ìpín mẹ́jọ ni yóò fún yín. Ẹ gé e, kí ẹ ká ìpín kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di káàdì mẹ́jọ. Ẹ ya ohun tó wù yín síwájú rẹ̀: màrìwò, ìràwọ̀, tàbí adìyẹ tó ń sá fún ọ̀bẹ! Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Lójoojúmọ́ ni à ń rí "Eku odun" lórí fóònù. Àwa tí à ń kọ́ èdè yìí kò gbọdọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Eku ni èyí tó ń jẹ àgbàdo nínú àká. Ẹni tó bá ka "Eku odun" bí a ti kọ ọ́ lè rò pé ohun tí à ń sọ fún òun ni pé eku ó dùn! "Ẹ kú ọdún" ni kí a kọ: ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àmì sí ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ, ohùn òkè sórí kú àti sórí dún. Fún àgbà, "Ẹ kú ọdún". Fún ẹgbẹ́ ẹni tàbí àbúrò, "O kú ọdún". Àpẹẹrẹ kan nìyí fún ìyá ẹni:

"Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo rántí gbogbo òwúrọ̀ tí ẹ jí ṣáájú mi kí n lè lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ ó jèrè iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Èmi ọmọ yín ni."

Kò sí ilé ìtajà tí a ti lè ra èyí.

3. Ìwé oríkì. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn tí a bí sí Òkè Ọya, mọ orúkọ ìlú baba wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka ìlà mẹ́ta nínú oríkì orílẹ̀ wọn. Àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n kò ní wà títí. Bí ẹ bá délé, ẹ mú ìwé àti gègé tọ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kì yín. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ wá jókòó dà á kọ lálàyé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín, ẹ bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ da irú rẹ̀ kọ sínú ìwé míì fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bùn méjì ni ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ fún ìran tó ń bọ̀ ní ohun tí owó kò lè rà, ẹ sì fún àgbà ní etí tó ń gbọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ará ilé kò bi ní nǹkan kan mọ́ ju pé ṣé wọ́n ti jẹun.

BÍ A ṢE Ń FÚNNI ÀTI BÍ A ṢE Ń GBÀ

Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fúnni, a kì í fi òsì na nǹkan sí àgbà. Bí ọmọ bá ń fún àgbà ní nǹkan, obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó tẹríba. Ẹni tó ń fúnni kì í gbé ẹ̀bùn rẹ̀ ga. "Ẹ jọ̀wọ́, kò tó nǹkan" ni yóò sọ. Ẹni tó gbà á kì í wò ó tìyanu-tìyanu bíi pé ó ń díye lé e. Yóò gbà á, yóò súre. Lọ́jọ́ kejì, yóò tún padà wá dúpẹ́: "Ẹ ṣé àná o." Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti rí i pé ọdún jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹ̀bùn kò ní iye owó nínú, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn tí à ń fúnni nílé bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Èmi kò sọ pé owó kò dára o. Ẹni tó bá ní, kí ó ra àpò ìrẹsì wá fún ìyá rẹ̀, ojú ọlá ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́, àwọn òbí wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbèsè tí a jẹ nítorí ọdún, ẹ̀yìn ọdún ni olówó ń wá a wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu láti dúró sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọwọ́ òfo, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ti rí owó ọkọ̀, ẹ máa lọ sílé. Ìyá tó ń wo ojú ọ̀nà kò wo ẹrù tó wà lórí ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àṣẹ.

ÌDÁNRAWÒ

1. Lo fún, bùn àti ta lọ́rẹ nínú gbólóhùn méjì méjì, kí o sì ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn.

2. Tú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí palẹ̀: lọ́rẹ, ìyèdún, Bọ́dúndé, àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

3. Fi àmì tó yẹ sí gbólóhùn yìí: "E ku odun, e ku iyedun, odun a yabo."

4. Kọ káàdì ọdún onílà mẹ́rin sí (a) ìyá àgbà rẹ, (b) ọmọ kíláàsì rẹ, (d) aládùúgbò yín tó jẹ́ Mùsùlùmí, fún ọdún Iléyá.

5. Gba oríkì orílẹ̀ rẹ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ilé yín, kí o sì mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún.